Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Okùn Ìbánisọ̀rọ̀ Abẹ́ Òkun àti Àwọn Arọ́pò Rẹ̀

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1858, lẹ́yìn tí okùn ti já mọ́ wọn lọ́wọ́ léraléra, ni àwọn òyìnbó na wáyà kan ṣoṣo gba ìsàlẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì kọjá, láti etíkun Ireland títí dé Newfoundland, tí Victoria, Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ránṣẹ́ ìkíni sí Buchanan tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà. Ayọ̀ gba ìlú New York kan: agogo ń ró, ìbọn ń dún, iná àríyá tí wọ́n ń yìn sójú ọ̀run sì tilẹ̀ ran òrùlé gbọ̀ngàn ìjọba ìlú náà. Ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pé oṣù kan. Ọ̀gbẹ́ni Whitehouse, oníṣègùn tí ó di alámòójútó iná mànàmáná inú wáyà náà, rí i pé ìró tí ó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò já gaara, ó sì rò pé agbára ni yóò là á lóhùn. Ó rọ iná tí ó ju èyí tí ara okùn náà lè gbà sí i, okùn náà sì ń rẹ̀yìn lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dákẹ́ láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí pé òun nìkan ṣoṣo ni ó wà, ọjọ́ tí ó dákẹ́ ni Yúróòpù àti Amẹ́ríkà padà sórí lẹ́tà tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé kiri.

Cyrus Field, oníṣòwò ará Amẹ́ríkà tí ó ti fi owó àti orúkọ rẹ̀ dúró fún iṣẹ́ náà, kò káwọ́ gbera. Ní ọdún 1865, ọkọ̀ Great Eastern, tí kò sí ọkọ̀ ojú omi tí ó tóbi tó o ní gbogbo ayé ìgbà náà, ru okùn tuntun jáde. Okùn náà já láàárín agbami, ó sì rì lọ sí ibi tí ó jìn ju kìlómítà mẹ́ta lọ. Wọ́n padà lọ ní ọdún kejì, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 1866, okùn mìíràn gúnlẹ̀ láìséwu ní Heart's Content ní Newfoundland. Ohun tí àwọn ọkùnrin náà ṣe lẹ́yìn èyí ni ó mú kí n fi ìtàn wọn ṣíwájú. Dípò kí wọ́n kọjú sílé lọ gba oríyìn, wọ́n yí ọkọ̀ padà sí ojú agbami níbi tí okùn ọdún tí ó kọjá gbé sọnù, wọ́n ju ìwọ̀ irin sí ìsàlẹ̀ òkun, ó gbé e, ó bọ́, wọ́n tún jù ú, títí wọ́n fi fa okùn náà jáde láti inú òkùnkùn biribiri, tí wọ́n so ó mọ́ ìyókù, tí wọ́n sì nà án dé èbúté ní oṣù kẹsàn-án. Wáyà di méjì. Láti ọjọ́ náà ni a ti lè sọ pé ọ̀nà ìsọ̀rọ̀ kan wà láàárín ilẹ̀ méjèèjì, nítorí pé ohun tí jàǹbá kan ṣoṣo lè pa kò tíì tó ohun tí ènìyàn ń fi ọkàn tẹ̀.

Kò sí ohun tí ọmọ ènìyàn fi ọwọ́ ṣe tí kì í bàjẹ́. Irin a máa dípẹtà, iná a máa jó, ìdákọ̀ró ọkọ̀ a máa họ okùn jáde nínú iyanrìn, ẹni tí ó mọ iṣẹ́ a sì máa ṣe àṣìṣe ní ọjọ́ tí oorun bá kún un lójú. Nítorí náà ni ọgbọ́n àwọn tí ó mọ̀ fi jẹ́ pé kí nǹkan méjì tàbí mẹ́ta máa ru ẹrù tí ọ̀kan lè dá rù, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ṣubú, ẹrù kò ní balẹ̀. Èyí ni mo ń pè ní arọ́pò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí: arọ́pò tí ó bá ń gba ojú ọ̀nà kan náà, tí ó ń gbé inú yàrá kan náà, tí ó sì ń fi orí kan náà ronú pẹ̀lú èyí tí ó fẹ́ rọ́pò, méjì ni lójú, ọ̀kan ṣoṣo ni lọ́jọ́ ìpọ́njú.

Àwọn baba wa mọ apá méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí lójú ogun. Nígbà tí Ìbàdàn, ilé Olúyọ̀lé, ń jagun káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Balógun kì í dá dúró. Ó ní Ọ̀tún, ó ní Òsì, àwọn olóyè mìíràn sì tò tẹ̀lé wọn ní ipò ipò, tí ó fi jẹ́ pé bí ọta ìbọn bá mú èyí tí ó wà níwájú, kò sí ẹni tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ẹni tí ó kàn. Ẹ sì kíyè sí i pé Ọ̀tún àti Òsì kì í dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan náà: ọ̀kan mú apá ọ̀tún ogun, èkejì mú apá òsì, kí ibùba kan ṣoṣo má baà gbé gbogbo olórí lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọdún 1886 ni okùn abẹ́ òkun dé ọ̀dọ̀ wa ní Èkó àkéte, ilé ọgbọ́n. Ilé-iṣẹ́ African Direct Telegraph ni ó nà án wá: ó gba Bathurst tí a ń pè ní Banjul lónìí, ó gba Freetown, ó gba Accra, ó yà sí Èkó, ó sì kọjá lọ sí Brass àti Bonny níbi tí Odò Ọya ti ń dà sínú òkun. Gómìnà tí ó ti máa ń retí èsì láti Lọ́ńdọ̀nù títí ọkọ̀ yóò fi lọ tí yóò sì fi bọ̀ wá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tí ó ṣì gbóná lẹ́nu. Àwọn oníṣòwò epo pupa àti èkùrọ́ sì ń mọ iye tí ọjà wọn ń tà ní Liverpool kí ọkọ̀ wọn tó gbéra ní èbúté. Nígbà tí ó fi di ọdún 1893, tẹlifóònù ti wọ inú àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Ohun ìyanu ni gbogbo èyí jẹ́ lójú àwọn tí ó rí i, ṣùgbọ́n ìlú kan ni ó ń tẹ̀lé ìkejì lójú okùn náà, ọ̀rọ̀ èyí tí ó wà lẹ́yìn sì ń gba ọ̀dọ̀ èyí tí ó wà níwájú kọjá, bí okùn bá sì já níbì kan, gbogbo àwọn tí ó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ni yóò dákẹ́.

Lẹ́yìn òmìnira, nígbà tí ilé-iṣẹ́ NET ń bójú tó ìbánisọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú òkè òkun, ọ̀nà mìíràn là. Wọ́n kọ́ ibùdó sátẹ́láìtì sí Láńlátẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ìlú àgbẹ̀ tí òkun jìnnà sí, tí ohùn ọmọ Nàìjíríà ti ń fò lọ sójú ọ̀run láìfi ẹsẹ̀ kan omi. Arọ́pò tòótọ́ ni ojú ọ̀run jẹ́ fún okùn abẹ́ òkun, nítorí pé ìdákọ̀ró kò lè dé ibẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀nà tóóró ni, ohun tí ó lè gbé kò tó nǹkan bí a bá fi wé ohun tí okùn onígíláàsì, tí ìmọ́lẹ̀ ń sáré nínú rẹ̀, lè gbé. Ní ọdún 1985 ni wọ́n pa NET pọ̀ mọ́ ẹ̀ka tẹlifóònù ti ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, tí wọ́n sọ méjèèjì di NITEL. Nígbà tí ó di ọdún 2001 fóònù alágbèéká ti GSM dé, ní ọdún 2002 sì ni okùn SAT-3, tí gígùn rẹ̀ ju 14,000 kìlómítà lọ láti Potogí títí dé Gúúsù Áfíríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tí ó yà sí Cotonou, tí ó yà sí Èkó.

Kí a tó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí SAT-3, ó yẹ kí a wo bí ọ̀ràn arọ́pò ṣe wọ inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún gílóòbù onígíláàsì tí ó máa ń jó, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń kú lemọ́lemọ́. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fẹ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣọ́ ojú ọ̀run wọn ní òpin àwọn ọdún 1950, nínú ètò tí wọ́n pè ní SAGE, méjì méjì ni wọ́n to kọ̀ǹpútà sí ibùdó kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, èkejì ń dúró dè é. Ní ìlú Prague, Antonín Svoboda ṣe kọ̀ǹpútà SAPO tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1957, ó sì fi ibi ìṣirò mẹ́ta sí inú rẹ̀ tí gbogbo wọn ń ṣe ìṣirò kan náà, tí ó jẹ́ pé ohun tí méjì bá fi ẹnu kò lé lórí ni ẹ̀rọ náà ń gbà. Láàárín àkókò kan náà, onímọ̀ ìṣirò John von Neumann kọ ìwé tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1956, níbi tí ó ti fi hàn pé a lè fi ẹ̀yà ara tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé kọ́ odindi tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, bí a bá ti mọ bí a ṣe ń tò wọ́n pọ̀ kí ọ̀pọ̀ lè máa tún ti ẹyọ kan ṣe.

Láti ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà ti wọ ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù. Ní ọdún 1965, ní Succasunna ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ilé-iṣẹ́ Bell gbé ẹ̀rọ ìsopọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí kalẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjì ni ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀ tí wọ́n sì ń ṣọ́ ara wọn, ohun tí àwọn tí ó ṣe é sì fi ṣe àfojúsùn ni pé kí ó má dákẹ́ ju wákàtí méjì lọ láàárín ogójì ọdún. Ní ọdún 1974, James Treybig dá ilé-iṣẹ́ Tandem sílẹ̀ ní California, kò sì ju ọdún méjì lọ tí ó fi ta kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí kì í dúró fún báńkì: gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ pátápátá ni ó ní ìkejì, a sì lè yọ èyí tí ó bàjẹ́ kí a fi òmíràn sí i nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, tí oníbàárà tí ó wá gba owó kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Bí ìtàn náà bá dúró síbẹ̀, à bá wí pé kí olúkúlùkù lọ ra ìkejì ohun tí ó ní, kí ó sì lọ sùn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 1929, ilẹ̀ mì tìtì ní ìsàlẹ̀ òkun ní gúúsù Newfoundland. Nígbà náà, okùn tẹligíráàfù tí ó gba àgbègbè náà kọjá kì í ṣe ọ̀kan tàbí méjì mọ́. Méjìlá nínú wọn ni ó já. Àwọn tí ó wà nítòsí já lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó jìn ń já tẹ̀lé ara wọn, tí èyí tí ó kẹ́yìn já lẹ́yìn wákàtí mẹ́tàlá ó lé. Kò yé ẹnikẹ́ni títí di ọdún 1952, nígbà tí Heezen àti Ewing ka àkókò tí okùn kọ̀ọ̀kan já, tí wọ́n sì rí i pé ìsẹ̀lẹ̀ náà ti ya òkè ẹrẹ̀ ńlá kan lulẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun, tí ẹrẹ̀ náà di àgbàrá tí ń wọ́ lọ sí ibú, tí ó ń gé ohun gbogbo tí ó bá pàdé lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ní ti okùn abẹ́ òkun, ìrìnpọ̀ gan-an ni ó pa wọ́n.

Bí ẹrẹ̀ ti lè ṣe é ni iná náà lè ṣe é. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1988, iná jó ilé ẹ̀rọ tẹlifóònù kan ní Hinsdale lẹ́bàá Chicago, níbi tí okùn ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò ti ń pàdé. Nǹkan bí 35,000 tẹlifóònù àdúgbò ni ó kú, àwọn tí ń darí ọkọ̀ òfurufú ní pápákọ̀ O'Hare sì wà nínú ìnira, nítorí pé ọ̀nà púpọ̀ tí ó dà bí ẹni pé ó yàtọ̀ síra lórí ìwé ń gba ilé kan ṣoṣo kọjá.

Orí náà tún lè ṣe é. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní ọdún 1990, ẹ̀rọ ìsopọ̀ kan ti ilé-iṣẹ́ AT&T ní New York ní ìṣòro díẹ̀, ó pa ara rẹ̀, ó tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ara òun ti yá. Iṣẹ́ tí ó rán yìí ni ó bá àṣìṣe kan pàdé nínú ètò ìṣiṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sínú gbogbo wọn ní oṣù tí ó ṣáájú. Àwọn náà pa ara wọn, àwọn náà jí, àwọn náà sì ń ránṣẹ́ kiri, títí àìsàn náà fi ká ẹ̀rọ 114 tí ó wà káàkiri Amẹ́ríkà. Nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án ni ó fi dà wọ́n láàmú, nǹkan bí ìdajì ìpè tí àwọn ènìyàn ń pè kò sì wọlé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ẹ̀rọ náà ni a ti pèsè láti rọ́pò ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n inú kan náà ni gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́, ohun tí ó ń pa ọ̀kan ni ó ń pa gbogbo wọn. Àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ ojú ọ̀run Space Shuttle ti ronú kan èyí tipẹ́: kọ̀ǹpútà márùn-ún ni wọ́n gbé sínú rẹ̀, mẹ́rin ń lo ètò kan náà, ṣùgbọ́n ètò ti ìkarùn-ún, àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ lọ́tọ̀, kí àṣìṣe ẹgbẹ́ kan má baà di ikú gbogbo àwọn tí ó wà nínú ọkọ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a padà sí etíkun tiwa. Ní oṣù keje ọdún 2009, SAT-3 bàjẹ́ lójú omi orílẹ̀-èdè Benin. Íntánẹ́ẹ̀tì Benin, Tógò àti Niger dà rú, apá tí ó pọ̀ jù nínú ti Nàìjíríà lọ pẹ̀lú rẹ̀, àwọn báńkì ń wá sátẹ́láìtì kiri bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ̀kọ́ ọdún 1858 ni a tún kọ́ lẹ́yìn àádọ́jọ ọdún ó lé ọ̀kan. Oríṣiríṣi ènìyàn sì dìde sí i: ní ọdún 2010, okùn Glo-1 ti ilé-iṣẹ́ Globacom bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ti MainOne náà bẹ̀rẹ̀, tí Arábìnrin Fúnkẹ́ Òpékè, ọmọ Ilé-Olújì, dá sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti Amẹ́ríkà padà wálé. Ní ọdún 2012, WACS àti ACE tẹ̀lé wọn. Owó ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì já wálẹ̀, ọ̀nà pọ̀, ọkàn sì balẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan wá ní oṣù kìíní ọdún 2020, nígbà tí SAT-3 àti WACS já lẹ́ẹ̀kan náà ní iwájú ẹnu Odò Kóńgò, níbi tí àgbàrá ẹrẹ̀ ti ń gba inú àfonífojì abẹ́ òkun wọ́ lọ sí ibú gẹ́gẹ́ bí ti Newfoundland. Ó wá di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024. Ní ojúmọ́ ọjọ́ náà, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, já ní iwájú Abidjan, níbi tí àfonífojì kan wà lábẹ́ òkun tí àwọn ará Faransé ń pè ní Trou sans Fond nítorí jíjìn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ MainOne sì wí pé ó jọ pé mímì ilẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkun ni ó fa ìjàǹbá náà. Láti Liberia dé Ghana, láti Cotonou dé Èkó, íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ tàbí kí ó máa fà bí ìgbín. Ẹni tí ó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ láti báńkì kò lè fi ránṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sì ni ó kọjá kí ọkọ̀ atúnṣe tó so gbogbo rẹ̀ padà. Lórí ìwé, okùn mẹ́rin ni a ní. Ní iwájú Abidjan, ojú kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gbà.

Ta ni ó gbà wá? Glo-1 kò já. Equiano náà kò já, okùn tí Google fi orúkọ Olaudah Equiano sọ, tí ó gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó ní ọdún 2022, tí ó sì gba ibi tí ó jìnnà sí etíkun ju àwọn yòókù lọ. Lórí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sáré gbé ọ̀rọ̀ wọn lé. Ọjà pàṣípààrọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní IXPN, tí ó ti wà ní Èkó láti ọdún 2006, náà ṣe gudugudu méje, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó bá ti ọ̀dọ̀ ọmọ Nàìjíríà lọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ Nàìjíríà lè gba ibẹ̀ láìdé òkun rárá. Ohun tí ó yàtọ̀ ni ó gbà wá.

Owó ni ohun tí àwọn aláṣẹ ilé-iṣẹ́ máa ń fi ṣe àwáwí, òótọ́ sì ni pé ó nira láti náwó sórí ohun tí yóò dákẹ́ jẹ́jẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kan títí ọjọ́ burúkú yóò fi dé. Ṣùgbọ́n nínú báńkì, nínú ilé ìwòsàn, nínú ilé-iṣẹ́ fóònù, owó àwa aráàlú àti ẹ̀mí àwa aráàlú ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà, kì í ṣe owó wọn nìkan. Ohun tí a níláti máa bi wọ́n léèrè kì í ṣe iye arọ́pò tí wọ́n ní. Ibo ni okùn kejì ń gbà? Bí ó bá jẹ́ kòtò kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni, katapílà kan ṣoṣo tí ń tún ọ̀nà ṣe ni yóò gé méjèèjì. Inú ilé wo ni kọ̀ǹpútà kejì wà, iná ta ni ó sì ń jẹ? Ètò ta ni ó ń lò? Ọjọ́ wo ni wọ́n pa ti àkọ́kọ́ gbẹ̀yìn, tí wọ́n fi ìkejì ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ bí ó bá ṣì wà láàyè? Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Arọ́pò tí a kò dán wò láti ọdún dé ọdún, ìrètí lásán ni.

Nítorí náà, kí ìjọba orílẹ̀-èdè wa àti ti àwọn aládùúgbò wa, láti Accra dé Lomé, láti Cotonou dé Èkó, jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé òkun kan náà ni ó gbé okùn gbogbo wa. Kí wọ́n béèrè àwòrán ọ̀nà tí okùn kọ̀ọ̀kan ń gbà kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ láti na òmíràn, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú òfin pé arọ́pò tí kò bá gba ọ̀nà tirẹ̀, tí a kò sì dán wò láàárín ọdún, a kò ní kà á mọ́ arọ́pò.